Òjìji Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn àti téèpù aránṣọ

Agogo ni mo kọ́kọ́ rà. Kì í ṣe ìwé, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì. Agogo kékeré kan báyìí, ní Ọjà Tìtun. Lójú tèmi nígbà náà, ibi tí agogo kò bá ti dún, ilé-ìwé kọ́ nìyẹn. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, mo lu agogo mi, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò lẹ́sẹẹsẹ síwájú tẹlifíṣàn tí mo ti fi aṣọ bò. Wọ́n wọ yunifọ́ọ̀mù. Èmi ni mo rán an. Bàbá wọn yọjú láti yàrá, ó wò wá, ó padà wọlé, kò sọ nǹkan kan. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó sọ ọ́ jáde: "Ìyá Ìbejì, ṣé a yọ àwọn ọmọ yìí kúrò nílé-ìwé ni, àbí a gbé ilé-ìwé wálé?"

Ó dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni.

Ilé-Ifẹ̀ là ń gbé, ní apá Mọ̀rẹ̀. Aránṣọ ni mí, ọkọ mi ń tún fíríìjì ṣe. Táyé àti Kẹ́hìndé pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ìdòwú jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Kíláàsì kan náà ni wọ́n fi àwọn ìbejì sí. Kẹ́hìndé ń ka ìwé bí ẹni mumi. Ti Táyé, ojú fèrèsé ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Ẹni tó bá ti bí ìbejì rí mọ ohun tó ń tẹ̀lé irú èyí. "Wo èkejì rẹ." "Ṣé kì í ṣe inú kan náà lẹ ti jáde ni?"

Lọ́jọ́ kan, Àǹtí wọn bi Táyé ní ìbéèrè níwájú gbogbo kíláàsì. Ọmọ dáhùn pé, "Mi ò mọ̀." Ẹgba mẹ́ta ló jẹ. Kẹ́hìndé ló wá sọ fún mi, Táyé fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Kì í ṣe ẹgba yẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù, wọ́n na àwa náà ká tó mọ̀wé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, bí èèyàn bá bi Táyé ní ohunkóhun, yóò kọ́kọ́ wojú ẹni náà, yóò máa wá èsì tí ojú yẹn ń fẹ́. "Ṣé o ti yó?" Á wojú. "Mẹ́fà lọ́nà méje jẹ́ mélòó?" Á wojú, á dákẹ́. Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọmọ náà kàn ya olódo ni, kí n fi í sí lẹ́sìnnì ọ̀sán. A sanwó lẹ́sìnnì. Nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ yẹn parí, a kò dá wọn padà síbẹ̀ mọ́.

Ìyá ọkọ mi gbọ́. Ìlódè ni wọ́n ń gbé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí kẹ̀kẹ́ Márúwá fi já wọn sílẹ̀ lẹ́nu géètì wa.

"Ìyá Ìbejì, ṣé owó ló wọ́n yín ni? Ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Mo ní kòkó díẹ̀ tí mo lè tà."

Mo kúnlẹ̀, mo ní kì í ṣe owó, Màmá. Mo ṣàlàyé, ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ojú mẹ́rin ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń wò ó. Ojú mẹ́rin péré lẹ̀yin wá fẹ́ fi wo ọmọ yín ni?" N kò ní èsì. Àwọn aládùúgbò ò tiẹ̀ nira tó bẹ́ẹ̀. Èrò tiwọn ni pé a ti lọ wọ ẹgbẹ́ kan.

Ọkọ mi ní tirẹ̀ kò ta kò mí, àmọ́ ó ní àdéhùn kan. Òfin UBE ti ọdún 2004, òfin ìjọba lórí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré. Nítorí náà, ó ní ohun tí wọ́n ń kọ́ níta kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí tiwa yóò mọ̀, kó má di pé ọjọ́ ìdánwò àṣewọlé la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sá sókè sódò. Mo gbà. Ohun tó jẹ́ kí n ra agogo nìyẹn, kí n tó wá mọ̀ pé agogo kọ́ ló ń sọ ilé di ilé-ìwé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́fà lọ́nà méje náà la tún wà. Mo ti bi Táyé lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Oníbàárà kan ti ń pè mí lórí fóònù nípa aṣọ ìyàwó. Mo gbé rúlà onígi tí mo fi ń gé aṣọ sókè. N kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo kàn rí i pé ó ti wà lókè. Táyé sì wojú mi, irú ìwò yẹn gan-an. Ó ń wá èsì lójú mi. Mo gbé rúlà kalẹ̀, mo wọ ilé ìdáná lọ, mo dúró níbẹ̀ títí omi tí mo gbé kaná fi hó dànù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo gbé agogo fún Ìdòwú. Ó fi ń ta áìsìkíríìmù káàkiri àdúgbò, iyanrìn ni áìsìkíríìmù rẹ̀.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì máa ń gbé aṣọ wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n bi mí léèrè èdè tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ni, kí ni ǹ bá tún fi kọ́ wọn? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé mo ń gbé Ifẹ̀ tí n kò gbọ́ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' tó wà ní Modákẹ́kẹ́ níbí. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ títí dé ìwé mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, tíṣà tó gbọ́ ọ dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò sì rẹ̀yìn. Mo ti ń kọjá níwájú Modákẹ́kẹ́ láti kékeré, n kò gbọ́ ọ rí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ yẹn, iná kò sí, Táyé àti bàbá rẹ̀ ń ta ayò lójú lántà. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tó mọ ayò mọ̀ pé ihò méjìlá ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni.

"Táyé, bí wọ́n bá kó gbogbo ọmọ ayò yìí sí ẹ̀gbẹ́ tìrẹ nìkan, mélòó-mélòó ni yóò wà nínú ihò?"

"Mẹ́jọ-mẹ́jọ." Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Bí mo bá wá mú ẹyọ kan kúrò nínú ihò kọ̀ọ̀kan ńkọ́?"

"Á ku méje-méje."

"Gbogbo rẹ̀ á wá jẹ́ mélòó?"

Ó fi ìka kan àwọn ihò náà níkọ̀ọ̀kan. "Ẹ ti mú mẹ́fà kúrò nínú méjìdínláàádọ́ta. Ó ku méjìlélógójì. Bàámi, ẹ̀yin lẹ ń ta."

Ọkọ mi la ẹnu. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kó má sọ̀rọ̀. A kò sọ fún Táyé pé mẹ́fà lọ́nà méje náà nìyẹn títí ó fi di nǹkan bí oṣù kan. Ohun tí mo rí lálẹ́ yẹn kì í ṣe ìṣirò: ojú ọpọ́n ni ọmọ yìí ń wò, kò wojú mi.

Láti ìgbà náà la ti ń jáde. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ Tọ́sìdeè, nítorí ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ mi máa ń dín kù díẹ̀. Ibi tó sún mọ́ wa jù la kọ́kọ́ lọ: ilé ohun ìṣẹ̀m̀báyé tó wà ní Ẹnuwa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ààfin. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí, ìgbà kan ṣoṣo ni mo ti wọ ibẹ̀, wọ́n kó wa lọ látilé-ìwé, oúnjẹ tí mo gbé dání ni mo rántí.

A dúró níwájú orí idẹ. Arákùnrin tó ń mú wa káàkiri sọ fún wa bí àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ṣe ṣàdéédé kan irú àwọn orí bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀ ní 1938. Ìdòwú fi ìka hàn án: "Kí ló dé tí wọ́n fi ilà sí gbogbo ojú rẹ̀?" Ilà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni lóòótọ́, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ sọ pé ilà ojú àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ ni, kí n sì máa lọ. Arákùnrin náà ló gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní àwọn kan sọ pé ilà ojú ni, àwọn kan ní òjìji ìlẹ̀kẹ̀ tó ń bo ojú ọba láti ara adé ni wọ́n fẹ́ fi hàn, àwọn mìíràn tún ní èrò tiwọn. "Ká má purọ́," ó ní, "a ò tíì mọ̀."

Táyé wẹ̀yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni ń retí ẹni tí yóò wá na ọkùnrin náà.

Kẹ́hìndé ti ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, òun sì ti gbọ́ níbòmíràn pé ọ̀kan nínú àwọn orí tí wọ́n hú lọ́dún yẹn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1939. "Màámi, ta ló fún wọn láṣẹ?" Àwọn méjèèjì ń wò mí. Mo ní, "Mi ò mọ̀." Ó korò lẹ́nu mi bí ewúro tí wọn kò fọ̀. Nínú ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń jẹ́ ìyá, n kò rò pé mo ti sọ ọ́ fún ọmọ rí. Lágbo ilé wa, bí ọmọ bá bi àgbà ní ohun tí àgbà kò mọ̀, yóò ní, "Ọ̀rọ̀ àgbà ni, jáde." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lé mi jáde títí mo fi di àgbà, èmi náà sì ti ń lé wọn.

Ìrìn àjò wa sí Erin-Ìjẹ̀ṣà kò ní ìtàn púpọ̀. Mo kọ ogún ìbéèrè sórí ìwé fún wọn láti dáhùn nípa Olúmirin, omi tó ń já bọ́ láti orí òkè níbẹ̀. Ìpele méje ni omi náà ní, ìpele kejì la dé tí ìwé fi bọ́ sínú omi, Ìdòwú sì tẹ̀lé ìwé. Kò ṣe é léṣe. Ọjọ́ yẹn ni mo jáwọ́ nínú kíkọ ìbéèrè sílẹ̀ de ìrìn àjò.

Ó di oṣù kẹta, a lọ sí ibi Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Aago mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀, oòrùn mú. Téèpù mi wà lọ́rùn mi. Kì í kúrò níbẹ̀, mo tiẹ̀ máa ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìmọ̀. Wọ́n ń wo àwọn ìṣó irin tó wà lára òkúta, wọ́n ń ka iye wọn, kálukú ń ka tirẹ̀, iye wọn kò dọ́gba, ìjà fẹ́ bẹ́. Láti pa ìjà ni mo ṣe bèèrè bí òkúta náà ṣe ga tó. Kẹ́hìndé ní ká gùn ún. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbọ́, ó rọra wò ó.

Mo ní kí Kẹ́hìndé dúró ṣánṣán. Mo wọ̀n ọ́n láti orí dé ẹsẹ̀: 52 íńṣì. Mo wọn òjìji rẹ̀ nílẹ̀: 26. Táyé ní, "Ìdajì." Ìyẹn ni pé òjìji Ọ̀pá náà yóò jẹ́ ìdajì Ọ̀pá. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n ni Ìdòwú ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Mo mú un lọ, a padà dé. Òjìji Ọ̀pá náà jẹ́ 102 íńṣì. Téèpù mi kò ju 60 lọ, ẹ̀ẹ̀mejì la tẹ́ ẹ. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 204, ẹsẹ̀ bàtà 17 gééré. Inú mi dùn. Mo bá ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sọ ọ́. Ó ní rárá o, 18 ni.

Ẹsẹ̀ bàtà kan! Ká ní aṣọ ni mo rán, tó fi ẹsẹ̀ bàtà kan kúrú, oníbàárà á gbé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ti fẹ́ sọ pé kò burú, ó sún mọ́ ọn. Kẹ́hìndé ní bóyá téèpù ti fà. Mo ní mi ò mọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò korò tó ti àkọ́kọ́.

Táyé ti jókòó sílẹ̀. Ó ń wo ìlà tí mo fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ kan fà síbi tí òjìji Kẹ́hìndé parí sí lẹ́ẹ̀kan. "Kẹ́hìndé, padà wá dúró síbi tó o dúró sí." Ó padà síbẹ̀. Òjìji rẹ̀ kò dé ìlà mọ́. Mo wọ̀n ọ́n: 24.

"Oòrùn ti rìn," Táyé ní. "Nígbà tí Ìdòwú lọ tọ̀, oòrùn ò dúró dè é."

Mo fẹ́ gbé e, ó ti wúwo jù. A tún un ṣe. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti bá wa dá sí i báyìí, òun ló di ẹnu òwú mú nídìí Ọ̀pá. Táyé na òwú dé orí òjìji, èmi di téèpù mú sí ti Kẹ́hìndé, Ìdòwú ka ení, èjì, ẹ̀ta, a sì sàmì sí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Kẹ́hìndé, 23. Ti Ọ̀pá, 96. Kì í ṣe ìdajì mọ́, nítorí náà fóònù ló bá wa ṣírò rẹ̀: 217 íńṣì, ẹsẹ̀ bàtà 18 ó lé íńṣì kan. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ó ní íńṣì kan yẹn, ẹ fi jì wá.

Ẹ má rò pé báyìí ni gbogbo ọjọ́ ṣe rí. Ní oṣù Kejìlá, tí aṣọ ọdún bá wọlé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a kì í ṣí ìwé kankan. Àwọn ọmọ á máa tú òwú, wọ́n á máa jẹ búrẹ́dì. Ọjọ́ kan wà tí mo pariwo mọ́ Ìdòwú débi pé ọmọṣẹ́ mi ló gbé e kúrò níwájú mi. Ìyá ọkọ mi sì wà níbẹ̀ tí wọ́n wà. Àwọn ló mú àwọn ọmọ lọ sóko kòkó, tí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń la kòkó, bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó sá a. Táyé ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé lọ́jọ́ kẹta, ó yọ ọ́ kíákíá, ó gbóná. Ó ní kí ló ń dáná síbẹ̀? Màmá ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n fóònù sí ọkọ mi, wọ́n ní kó bá àwọn béèrè ohun tó ń mú kòkó gbóná, pé láti ọjọ́ tí àwọn ti ń ṣe kòkó, kò sẹ́ni tó bi àwọn rí. Ọkọ mi wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ohun tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ló ń jẹ adùn tó wà lára ẹ̀pà kòkó, ìyẹn ló ń mú ooru wá. Màmá ní ó dáa. Wọ́n wá tún béèrè ìgbà tí àwọn ọmọ yóò padà sílé-ìwé.

Kẹ́hìndé padà. Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè fún un. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ń sọ ìtàn tí òun kò sí níbẹ̀. Mo sunkún ní ilé ìwẹ̀, mo rò pé mo ti kùnà, lẹ́yìn náà mo wá ilé-ìwé mìíràn fún un, mo rán yunifọ́ọ̀mù, lọ́tẹ̀ yìí ó nílò rẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ló ti wà níbẹ̀, ó sì ń gbádùn rẹ̀. Táyé ní òun kò lọ. Ìdòwú ní òun yóò lọ bí wọ́n bá gba agogo òun láyè.

Sátidé kan ní oṣù kìíní, ọyẹ́ mú, mò ń wọn apá bùbá oníbàárà kan lórí tábìlì. Kẹ́hìndé ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ní tíṣà àwọn sọ pé bó bá ti di ọ̀sán gangan, àtàrí ni oòrùn máa ń wà, òjìji èèyàn kì í sí rárá. "Táyé, ṣé òótọ́ ni?"

"Mi ò mọ̀," Táyé ní. Kò wojú mi, kò wojú rẹ̀. Ó yọ téèpù lọ́rùn mi, ó ti ilẹ̀kùn, ó jáde sínú oòrùn, Ìdòwú sáré tẹ̀lé e.

Mo fi ìka ọwọ́ wọn ìyókù apá bùbá náà.